Ọkọ̀ Ìjókòó Méjì

Láti Effurun títí dé Jeddo, níbikíbi tí Yorùbá bá ti pé méjì, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé Adéṣẹwà, ọmọ Ìyá Aláṣọ, lé ọkùnrin gidi dànù nítorí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Wọ́n ń sọ ọ́ lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ń sọ ọ́ nínú kẹ̀kẹ́, wọ́n tilẹ̀ ń sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń gbàdúrà fún un. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ròyìn náà kò sí níbẹ̀, àwọn tó sì wà níbẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ṣọ́kì àti sípírín.

Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni Adéṣẹwà nígbà tó ra ọkọ̀ náà. Ní Ekpan ló ti ń ṣiṣẹ́, ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń yẹ ẹ̀rọ wò fún àwọn elépo, òun nìkan sì ni obìnrin láàárín ọkùnrin mọ́kànlá. Ọkọ̀ pupa ni, ó kéré, ó lọ sílẹ̀, ilẹ̀kùn méjì, ìjókòó méjì. Ọkọ̀ eré ni, àmọ́ epo nìkan kọ́ ló ń lò. Bátìrì ńlá kan wà lábẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń ran ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́, tó fi jẹ́ pé bó bá dúró síbi tí ọkọ̀ ti dí ojú ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì á kú, á dákẹ́ rọ́rọ́, bí ẹni tó ń wà á bá sì tẹná, á tún gbéra. Háíbíríìdì ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló fi ń wò ó lórí fóònù kó tó rí i rà. Nínú gbogbo ohun tó ní, ọkọ̀ náà nìkan ni kò sí ẹni tó kọ́kọ́ sọ fún un pé èyí ló yẹ ọ́, gbà á.

Àmọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà ti kú. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni àwọn mẹkáníìkì ń pe gbogbo ohun tó gbé ọkọ̀ dúró lórí táyà, àti ṣọ́kì, àti sípírín, àti àwọn rọ́bà tó wà láàárín wọn. Tó bá kó sí kòtò kékeré báyìí, gbogbo ara rẹ̀ á lù gbàgbà. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ni Adéṣẹwà gbé e dé. Ní àkọ́kọ́, wọ́n béèrè pé níbo ni ọ̀gá wà. Ní èkejì, wọ́n ní kó tà á kó ra jíìpù. Ní ẹ̀kẹta, wọ́n ti ń tú táyà kó tó parí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n dè é padà.

Ìkẹrin ni ṣọ́ọ̀bù táyà Adépọ̀jù, létí ọ̀nà ní Effurun. Bàbá Adépọ̀jù ló wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó wá ṣí i; ó ti kú, ìyàwó rẹ̀ àti Ọlámijí, ọmọkùnrin rẹ̀, ló ń bójú tó o. Mùsbáù tó ń ṣe ẹsẹ̀ ọkọ̀ háyà àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọlámijí jáde, ó yí ọkọ̀ náà ká, ó lóṣòó, ó fọwọ́ pa ojú táyà. Kò béèrè ọ̀gá.

"Aunty, ibo lẹ máa ń gbé e lọ?"

"Ibi iṣẹ́, ní Ekpan. Ṣọ́ọ̀ṣì. Tó bá di Sátidé, mo máa ń gbé e bọ́ sọ́nà Sapele láàárọ̀."

"Kí lẹ máa ń lọ ṣe ní Sapele?"

"Mi ò kì í dé Sapele. Mo kàn máa ń wà á ni."

Ó ń retí kí ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tí òjò bá ń rọ̀ ńkọ́?"

"Mo ṣì máa ń lọ."

Ọlámijí mi orí, ó wọlé, ó yí táyà mẹ́ta jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n síwájú rẹ̀. Ó fọwọ́ kan àkọ́kọ́. "Irú èyí ni wọ́n fi sí i látilẹ̀. Ó tínrín, ó le, ó ń yí wẹ́rẹ́, kì í jẹ́ kí ọkọ̀ mu epo. Ìdí tí wọ́n sì fi gbé bátìrì sínú ọkọ̀ náà ni kó má baà mu epo. Àmọ́ tí ilẹ̀ bá tutù, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára. Èkejì yìí fẹ̀, ó rọ̀, ó máa ń di ilẹ̀ mú gan-an. But e go drink your fuel, and before one year e don finish. Tí ẹ bá fi í sí i, ẹ ti sọ iṣẹ́ bátìrì yẹn di asán."

"Ìkẹta?"

"Ìkẹta wà láàárín. Kò fẹ̀ jù, ojú rẹ̀ sì ní ipa tí omi ń gbà jáde. Tí ẹ bá gbà ká yọ ríìmù yìí, ká fi èyí tó kéré díẹ̀ sí i, ẹ̀gbẹ́ táyà á nípọn. Tó bá wọ kòtò, rọ́bà ló máa jìyà, kì í ṣe irin. Gíga ọkọ̀ ò ní yí padà."

Ìgbà yẹn ni Mùsbáù yọ orí lábẹ́ bọ́ọ̀sì kan. "Aunty, make we raise am. Mo ní sípírín bọ́ọ̀sì nílẹ̀. E go stand like man."

"Mi ò fẹ́ kó dúró bí ọkùnrin," ni Adéṣẹwà dáhùn.

Ọlámijí rẹ́rìn-ín wàyí. "Mùsbáù, fi sípírín bọ́ọ̀sì sílẹ̀. Aunty, bátìrì yẹn wúwo, ẹ̀yìn ló sì wà. Sípírín ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ mọ ìwúwo rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìdí ọkọ̀ á máa jù níbi kọ́nà. Ẹ lè ra ojúlówó tuntun, irú èyí tó bá a wá. Ẹ sì lè ra èyí tó ní nọ́ọ̀tì tí wọ́n ń yí lára, tí ẹ lè fi gbé e sókè tàbí kẹ́ ẹ fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fúnra yín, àmọ́ ó le, ẹ̀yìn yín máa gbọ́ ọ láti ibí dé Ekpan."

"Èwo ni ìwọ máa mú?"

"Èmi kọ́ ni mò ń wà á," ni Ọlámijí wí. "Èwo lẹ fẹ́?"

Adéṣẹwà tún wo táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ìgbà tí ìfẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni. Ó ní òun fẹ́ ojúlówó ṣọ́kì àti sípírín tuntun, òun fẹ́ táyà kẹta, òun fẹ́ ríìmù tó kéré. Ọlámijí kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, kò fi tirẹ̀ kún un.

Ṣọ́kì náà kò sí ní Warri, Èkó ni wọ́n ti máa gbé e wá, ó sì máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọlámijí wá ń pè é lórí fóònù láti ròyìn ṣọ́kì. Ó pè láti sọ pé wọ́n ti rí i. Ó pè láti sọ pé wọn ò tíì gbé e sínú ọkọ̀. Lọ́jọ́ kan ó pè láti sọ pé kò sí ìròyìn kankan, wọ́n sì fi ogójì ìṣẹ́jú sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn. Àwọn ọkùnrin mọ́kànlá tó wà níbi iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé irú ṣọ́kì wo ló ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín báyìí.

Nígbà tí ṣọ́kì dé tí wọ́n sì de gbogbo rẹ̀ tán, Ọlámijí ní kí wọ́n jọ gbé e jáde kí òun gbọ́ bó ṣe ń rìn. Sátidé ni, òjò ti rọ̀ láàárọ̀, ọ̀nà Sapele ṣì tutù. Adéṣẹwà wà á bó ṣe máa ń wà á. Ọlámijí jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, orúnkún rẹ̀ fẹ́ẹ̀ kan àgbọ̀n, kò di ohunkóhun mú, kò sọ pé rọra. Níbi kọ́nà gígùn kan tí ọkọ̀ náà ti máa ń mì jẹ̀kẹ̀jẹ̀kẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó bá a kọjá ní ìdákẹ́jẹ́, ilẹ̀ kò yọ̀. Inú Adéṣẹwà dùn débi pé omijé fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ṣe bí ẹni tó ń wo dígí ẹ̀gbẹ́.

"Mo fẹ́ sọ nǹkan kan," ni Ọlámijí wí. "Mo ti fẹ́ sọ ọ́ láti ìgbà tí ṣọ́kì ṣì wà l'Ékòó."

"Kí ló dé tí o ò sọ ọ́?"

"Mo rò pé tí mo bá sọ ọ́ tí ẹ kọ̀, ẹ máa lọ máa ra táyà níbòmíràn."

Ẹ̀rín pa Adéṣẹwà débi tó fi ní láti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ibẹ̀ ni Ọlámijí ti sọ fún un pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ náà ni Adéṣẹwà ti dáhùn pé òun náà nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí ìpamọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà rí wọn, ó sì kí wọn kú oríire ní Pidgin kí wọ́n tó ra ohunkóhun.

Oṣù mẹ́jọ kọjá. Wọ́n ti jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá kan náà, gbogbo ènìyàn sì ti mọ̀. Ìyá Ọlámijí, tí gbogbo ayé ń pè ní Màmá Adépọ̀jù, fẹ́ràn Adéṣẹwà dáadáa títí di ọjọ́ tí wọ́n sún mọ́ ohun tó ń wà, tí wọ́n wò ó dáadáa. Wọ́n yí i ká bí ọmọ wọn ṣe yí i ká níjọ́sí, wọ́n yọjú wo inú rẹ̀ láti ojú fèrèsé, wọ́n wá ìjókòó ẹ̀yìn, wọn ò rí i. Wọ́n ránṣẹ́ pe alárinà. Lọ́jọ́ kẹta, alárinà ti dé Jeddo, nílé tí Adéṣẹwà àti ìyá rẹ̀ ń gbé.

Màmá Sharon ni alárinà. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó ti fẹ́ Urhobo láti ọgbọ̀n ọdún, kò sì sí ìgbéyàwó Yorùbá kankan ní Effurun tí kò ní ọwọ́ rẹ̀ nínú. Ó jókòó sínú pálọ̀ Ìyá Aláṣọ, ó mu omi, ó tú bàtà.

"Ṣẹwà, I no go lie for you. Ìyá yẹn fẹ́ràn ẹ. Wọ́n ní o gbọ́n, o sì mọ ọwọ̀. Wahala no dey your body. Na the motor."

"Kí ni ọkọ̀ ṣe fún wọn, Mà?"

"Wọ́n ní ìjókòó méjì ni. One for you, one for their pikin. Wọ́n ní níbo lọmọ máa jókòó? Níbo làwọn fúnra wọn máa jókòó tí ara wọn ò bá yá? Wọ́n ní obìnrin tó fi owó ara ẹ̀ ra ọkọ̀ ìjókòó méjì ti sọ fún gbogbo ayé pé òun ò ní bímọ. Wọ́n ní kó o tà á kó tó di mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́."

"Ẹ sọ fún wọn pé mo máa bímọ tí Ọlọ́run bá fún mi. Ẹ sọ fún wọn pé Ọlámijí ní bọ́ọ̀sì, ìjókòó méje ló wà nínú ẹ̀. Ẹ sì sọ fún wọn pé mi ò tà á."

"Make I talk am like that?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an, Mà."

Nígbà tí Màmá Sharon lọ tán, Ìyá Aláṣọ bẹ̀rẹ̀. "Adéṣẹwà, tà á. Irin ni. Ṣé irin ló máa pè ọ́ ní ìyàwó?"

"Mummy, no be iron matter."

"Kí wá ni?"

"Tí wọ́n bá ní kí n ta ìwé ẹ̀rí mi ńkọ́?"

"Ta ló ń ra ìwé ẹ̀rí?" ni ìyá rẹ̀ dáhùn, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Àmọ́ nígbà tí ẹ̀rín tán, ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Mo bẹ̀ ọ́. Ọdún ń lọ. Ọkùnrin tó dáa kò wọ́pọ̀."

Adéṣẹwà mọ̀ pé òótọ́ ni. Ohun tó ń dùn ún gan-an nìyẹn. Ọlámijí ní tirẹ̀ sọ pé, "Fi Màmá sílẹ̀ fún mi, màá yanjú ẹ̀," ó sì gbà á gbọ́.

Nígbà tí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ku ọ̀sẹ̀ méjì, Ọlámijí gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí Mùsbáù bá a yẹ ọkọ̀ náà wò, kó lè dára fún ọjọ́ náà. Nígbà tí iṣẹ́ parí ní ìrọ̀lẹ́, Adéṣẹwà lọ gbé e. Ọlámijí ń ta ọjà fún ènìyàn, ó kàn juwọ́ sí i. Ilẹ̀ ti ń ṣú, kò sì wò ó fínnífínní; ó wọ ọkọ̀, ó wà á lọ. Kò tíì rìn jìnnà tó fi dé kọ́nà àkọ́kọ́, ìdí ọkọ̀ náà jù sọ́wọ́ òsì, ó tún jù padà. Kẹ̀kẹ́ kan yà fún un, ẹni tó ń wà á sì kó èébú bò ó. Adéṣẹwà ti mọ̀ pé wọ́n ti yí sípírín kó tó dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wò ó. Ọkọ̀ náà ti ga sókè fíofío, ìdí rẹ̀ ju orí rẹ̀ lọ, ó dà bí ewúrẹ́ tó fẹ́ kan ènìyàn.

Ó yí padà. Nígbà tí Mùsbáù rí i tó ń bọ̀, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ tó sún mọ́ ọn jù lọ.

"Ọlámijí, ta ló ní kẹ́ ẹ gbé e ga?"

"Ṣẹwà, jẹ́ ká wọlé."

"Ibí dáa."

Ọlámijí nu ọwọ́ sára àkísà. "Màmá ní orúnkún ń dun àwọn, àwọn ò lè tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ wọ ọkọ̀. Mo rò pé tó bá ga díẹ̀, tí wọ́n bá rí i pé àwọn lè wọ̀ ọ́, wọn ò ní sọ pé kó o tà á mọ́. Nítorí ẹ ni mo ṣe ṣe é."

"Ṣé o bi mí?"

"Ó ṣáà jẹ́ sípírín. A lè yọ ọ́ lọ́la."

"Mo mọ̀ pé ẹ lè yọ ọ́. Mo ní ṣé o bi mí?"

Ọlámijí tún bẹ̀rẹ̀ sí í nu ọwọ́ tó ti mọ́. Àwọn oníbàárà méjì tó wà níbẹ̀ ti gbàgbé táyà tí wọ́n wá rà.

"Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ni mo dé kí n tó dé ọ̀dọ̀ ẹ," ni Adéṣẹwà wí. "Gbogbo wọn ló mọ ohun tó yẹ kí n fẹ́. Ìwọ nìkan lo bi mí léèrè. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe nífẹ̀ẹ́ ẹ. Ó wá jẹ́ ìwọ lo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, tí o lọ yí i padà lẹ́yìn mi, nítorí pé ẹlòmíràn ní kó o ṣe bẹ́ẹ̀. Lónìí sípírín ni. Lọ́la ńkọ́? Ilé tí màá gbé ńkọ́? Iṣẹ́ mi ńkọ́?"

"Ṣẹwà, ìyá mi ni."

"Ìyá ẹ ni. Mi ò bá wọn jà. Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Sọ fún Màmá Sharon kó sọ fún wọn pé kí wọ́n má wá sí Jeddo."

Ó wọ ọkọ̀ tó ga náà, ó rọra wà á lọ sílé, ó gbé e sẹ́yìn ilé, ó sì fi aṣọ bò ó.

Ibi tí ìròyìn tí ẹ gbọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kẹ̀kẹ́ ló ń wọ̀ lọ sí Ekpan. Nínú kẹ̀kẹ́ yẹn, pẹ̀lú èjìká àwọn ẹlòmíràn lọ́tùn-ún lósì, ni iyèméjì ti ń bá a. Ó ń bi ara rẹ̀ bóyá òun kì í ṣe òmùgọ̀. Ọkùnrin náà kò lù ú, kò yan àlè, kò jí nǹkan rẹ̀. Ó gbé ọkọ̀ ga, ó tán. Ta ló máa gbọ́ irú ẹjọ́ yìí tí kò ní rẹ́rìn-ín? Ó máa ń fẹ́ pè é, á mú fóònù, á wo orúkọ rẹ̀, á sì gbé e sílẹ̀. Àárò rẹ̀ sọ ọ́ lójijì níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan débi pé ó gbàgbé nọ́ńbà tó ń kà lára ẹ̀rọ, ó ní láti tún un kà. Síbẹ̀, nígbàkígbà tó bá rò ó pé kí òun gbà, ńṣe ni ọkàn rẹ̀ máa ń kọ̀ ọ́. Ó rí ara rẹ̀ lọ́dún mẹ́wàá síwájú, níbi tí wọ́n ti ń sún ohun gbogbo tó jẹ́ tirẹ̀ sókè díẹ̀, sísàlẹ̀ díẹ̀, nítorí orúnkún ẹlòmíràn.

Ó di ọjọ́ kẹtàdínlógún kí Ọlámijí tó dúró síwájú géètì ilé-iṣẹ́ wọn ní Ekpan ní ìgbà tí wọ́n ń jáde. Ó ti rù. Ó ṣí ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì rẹ̀: sípírín mẹ́rin tí wọ́n yọ kúrò lára ọkọ̀ náà ló wà níbẹ̀, ó ti fọ̀ wọ́n mọ́.

"Mo sọ fún Màmá fúnra mi," ni ó wí. "Mi ò rán Màmá Sharon. Mo ní Adéṣẹwà ò ní ta ọkọ̀ ẹ̀, èmi náà ò sì ní sọ fún un pé kó tà á. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Wọ́n ń gbé oúnjẹ mi sórí tábìlì bí ẹni ń gbé e fún àlejò."

"Kí lo ṣe?"

"Mo jẹ ẹ́. Ṣẹwà, ẹ̀rù wọn ló bà mí. Mi ò ní purọ́ fún ẹ. Láti ìgbà tí Bàbá ti kú ni mo ti ń bẹ̀rù kí n má ba ọkàn wọn jẹ́, mo wá fi tìẹ ṣe ohun tí mo fi ń tù wọ́n nínú. Mo ṣe ohun tí kò dáa. Má bínú." Ó fọwọ́ kan sípírín kan. "Kí lo fẹ́ kí n ṣe sí ọkọ̀ náà?"

Adéṣẹwà wo sípírín, ó wo ojú rẹ̀. Ìbínú tó kù nínú rẹ̀ kò pọ̀ tó bó ṣe rò. "Ẹ dá a padà sí bí mo ṣe ní kó wà. Nílé wa, lójú mi. Ẹ̀rù wọn ń ba èmi náà, àmọ́ mi ò tà á."

Lọ́jọ́ Sátidé, Mùsbáù gbé jáàkì wá sí Jeddo, kò lè wo ojú rẹ̀. "Aunty, no vex. Na oga talk am." Adéṣẹwà ní kó gbé súpánà wá, òun fúnra rẹ̀ ló sì de nọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn lára táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Wọ́n tún dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Màmá Adépọ̀jù ní àwọn ò ní wá, àwọn ẹbí bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n wá. Pálọ̀ Ìyá Aláṣọ kún. Ẹbí ọkọ jókòó lápá kan, ẹbí ìyàwó lápá kejì, Adéṣẹwà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Bàbá Babátúnjí, ẹ̀gbọ́n bàbá Adéṣẹwà, ló ń darí ètò, nítorí bàbá náà ti kú. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n dárúkọ ara wọn, Ọlámijí dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo àgbà. Bàbá Babátúnjí ní bí kò bá sí ọ̀rọ̀ mọ́, kí wọ́n mú ọjọ́.

"Ọ̀rọ̀ wà," ni Màmá Adépọ̀jù wí. Wọ́n dìde. "Mo fẹ́ràn ọmọ yìí. Níwájú gbogbo yín, mo fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ ọkọ̀ tó wà níta yẹn, kó sọ fún mi níhìn-ín pé òun máa tà á. Kó sọ ọ́, ká mú ọjọ́ lónìí."

Ìyá Aláṣọ fi ìgúnpá gún Adéṣẹwà rọra. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń retí ni kó kúnlẹ̀, kó ní "Ẹ ṣeun, Mà," kí wọ́n lè jẹun. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dìde dúró.

"Mà, ẹ dárí jì mí. Mi ò tà á."

"Adéṣẹwà," ni Bàbá Babátúnjí wí.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, Sà. Mà, èmi ni mo yan ọkọ̀ yẹn. Èmi ni mo yan ẹsẹ̀ rẹ̀, èmi ni mo yan táyà rẹ̀, mo mọ ìdí tí mo fi yan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí mo ṣe yan ọmọ yín náà nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti ní kí n fi í sílẹ̀ láti oṣù kan wá. Wọ́n ní ohun tí ìyá rẹ̀ bá sọ ló máa ń ṣe, ó máa pa mí lẹ́kún. Mi ò fi í sílẹ̀. Tí mo bá jẹ́ ẹni tó lè ta ohun tí ó yàn nítorí pé àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀, ẹ̀yin náà ẹ kíyè sí mi, mo máa fi ọmọ yín sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀."

Ojú Màmá Adépọ̀jù yí padà. Wọ́n mú báàgì wọn.

"Ọlámijí, dìde. Ká máa lọ."

Ọlámijí dìde. Adéṣẹwà rí i tó kọjá láàárín àwọn àga, tó gba ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ kọjá, tó kọrí sẹ́nu ọ̀nà, ó sì sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ó ti parí. Kò ní sunkún níwájú wọn. Bí wọ́n bá lọ tán, á sunkún.

Ní ẹnu ọ̀nà, Ọlámijí yíjú padà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó na ara rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ férémù ilẹ̀kùn kan dé èkejì, àyà rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, agbádá rẹ̀ tẹ́ sórí ibi tí gbogbo ènìyàn tú bàtà sí.

"Màmá, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín," ni ó wí, ó sì ń wo ilẹ̀. "Mi ò yájú sí yín rí, mi ò ní yájú sí yín lónìí. Àmọ́ mi ò lọ. Tí ẹ bá fẹ́ jáde, ẹ gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí mi."

Màmá Sharon fọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló jáde nínú pálọ̀ yẹn, kò sì sí ìyá Yorùbá kan tó máa fi ẹsẹ̀ rẹ̀ dá ọmọ tó bí kọjá, wọn ì báà bí i sí Warri, wọn ì báà bí i sókè òkun. Màmá Adépọ̀jù dé iwájú rẹ̀, wọ́n dúró. Adéṣẹwà kúrò láyè rẹ̀, ó lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí Ọlámijí. Kò bẹ̀bẹ̀. Ó kàn kúnlẹ̀ síbi tí ọkọ rẹ̀ wà.

Ìṣẹ́jú kan kọjá, ó tó méjì. Màmá Adépọ̀jù gbé báàgì láti ọwọ́ kan sí ọwọ́ kejì. Wọ́n wo ẹ̀yìn ọrùn ọmọ wọn fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni pé wọn ò rí i rí.

"Ẹ bá mi gbé àga mi wá síbí," ni wọ́n wí nígbẹ̀yìn.

Màmá Sharon ti gbé e kí wọ́n tó sọ ọ́ tán. Wọ́n jókòó sí àárín pálọ̀, wọ́n gbé báàgì lé itan.

"Dìde nílẹ̀. O ti ba agbádá yẹn jẹ́."

"Ẹ sọ ọ́ pé ẹ gbà, kí gbogbo ilé gbọ́, Màmá."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Kó máa wà á. Ẹ mú ọjọ́. Àmọ́ kí gbogbo yín gbọ́ o, èmi ò ní wọ ọkọ̀ yẹn láéláé."

"Kò burú, Mà," ni Adéṣẹwà dáhùn láti orí ìkúnlẹ̀ rẹ̀. "Ẹ ò ní wọ̀ ọ́."